Ẹ Yọ Báńkì Síta

"Kí ni wọ́n mú wá?"

Lọ́yà ló béèrè rẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ìwé, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí tábìlì, èkejì nínú àpò inú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó tún un béèrè, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń fa rọ́bà.

"Mo ní àwọn ogúnléndé tó sá wọ ìlú yìí, kí ni wọ́n mú wá? Ẹ yọ ebi kúrò. Ẹ yọ ìlà gígùn nídìí ẹ̀rọ omi kúrò. Ó ku kí ni?"

Ní òdìkejì tábìlì, ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Àlejò dìde. Òun ni olùsọ̀rọ̀ kejì fún àwọn alátakò, òun náà sì ni ọmọ ogúnléndé kan ṣoṣo tó wà ní kíláàsì wọn. Ó la ẹnu. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀, bí ẹni tí nǹkan ta níbẹ̀.

Lọ́yà kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wò ó, ó ń wá a lára! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wá a!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, àwọn tó wà níwájú ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga bí ẹni ń wá owó tó bọ́. Agogo olùṣọ́ àkókò dún. Àlejò pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì jókòó.

Bí ìhà Lọ́yà ṣe borí ní ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn.

"O pa á!" Kúkúrú fò mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tí wọ́n jáde. Kúkúrú ni olùsọ̀rọ̀ kejì rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀; òun ló ga jù ní kíláàsì, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kúkúrú nìyẹn.

"Mi ò pa ẹnì kankan."

"O pa á, o sin ín, o tún fẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀. 'Ẹ bá a wá a!' Háà! Orúkọ Lọ́yà ti kéré fún ọ báyìí. Adájọ́ ló kù."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ó rí Tíṣà Ìtàn nínú gbọ̀ngàn. Tíṣà Ìtàn kò pàtẹ́wọ́, kò sì bínú. Ó ń to àwọn àga léra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́.

Tíṣà Ìtàn yìí ló gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ fún kíláàsì àṣekágbá. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n jiyàn lé ni pé ó sàn kí àwọn ogúnléndé máa gbé ní ibùdó tiwọn ju kí wọ́n máa gbé láàárín ìlú lọ. Lọ́yà àti Kúkúrú ní ó sàn bẹ́ẹ̀. Mọ́nítọ̀, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí kíláàsì, àti Àlejò ní kò sàn. Tíṣà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má kàn jókòó sílé hun ọ̀rọ̀. Kí wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ omi, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n dé ibùdó náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n fojú rí, kí wọ́n fetí gbọ́. Ìpele méjì ni àríyànjiyàn náà. Ní ìpele kejì, olùsọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní ìhà kọ̀ọ̀kan yóò sọdá, yóò sì máa gbèjà ohun tó ti ń bá jà, bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń pààrọ̀ ojú ilé.

Lọ́yà kò lọ síbì kankan. Orí fóònù ìyá rẹ̀ ló ti ka gbogbo ohun tó sọ. Ohun tó bá ti jọ àdììtú ni ọmọ náà fẹ́ràn: àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, rédíò tó dákẹ́ láìnídìí, ìṣirò tí gbogbo kíláàsì ti sá fún. Bó ṣe ń jiyàn náà nìyẹn. Ibi tí alátakò rẹ̀ lè sá gbà ló máa ń kọ́kọ́ wá, á sì lọ dí i pa. Kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá ń ronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ a máa wọ àpò inú, a máa jáde, a tún máa wọ̀ ọ́.

Báńkì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pe àpò inú yẹn. Kò sí aṣọ ilé-ìwé kan ní ìlú náà tí kò ní in. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló wà, lójú ìrán, níbi tí ojú lásán kò ti lè rí i. Ọwọ́ ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó kéré, ó sì le, nítorí pé igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó rán an, tó fi ya bí ìrù ẹyẹ. Màmá Àgbà, tó bí ìyá Lọ́yà, ló ń rán aṣọ náà, òun àti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bísíkíìtì ń gbé inú báńkì. Ṣingọ́ọ̀mù ń gbé ibẹ̀. Nígbà mìíràn, bébà pélébé tí ìdáhùn ìdánwò wà lára rẹ̀ náà ń gbé ibẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé kí ìdánwò kankan tó bẹ̀rẹ̀, tíṣà á kọ́kọ́ pàṣẹ pé, "Ẹ yọ báńkì síta!" Gbogbo kíláàsì á fa àpò wọn jáde, á sì máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ahọ́n ajá tí oòrùn pa.

Ọjọ́ tí Àlejò kọ́kọ́ wọ kíláàsì, ìdánwò kékeré kan ló bá. Tíṣà ní kí wọ́n yọ báńkì. Ọmọ náà wò yíká, kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó wo àwọn tó kù, ó fi ọwọ́ wá tirẹ̀, ó fà á jáde. Ó fi àtàńpàkò pa igun rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ó ti kó nǹkan pamọ́ ni. Tíṣà tú àpò náà wò, òfìfo ni. Lọ́yà rí gbogbo rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti tú àdììtú náà fún bí ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí kò já a, ó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé ìpele àkọ́kọ́, àga Àlejò ṣófo. Ó tún ṣófo lọ́jọ́ kẹta.

"Ó ti lọ wá ohun tó mú wá," ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn kíláàsì, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Lọ́yà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo àga tó ṣófo náà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò lè ka ojú ìwé kan tán kó má dìde. Bó bá dìde, kò ní mọ ohun tó dìde fún.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, Tíṣà Ìtàn pè é sí ọ́fíìsì àwọn olùkọ́.

"Ìwọ àti Mọ́nítọ̀ lẹ máa sọdá, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ma."

"Á jẹ́ pé ìwọ àti Àlejò lẹ máa jọ wà ní ìhà kan nìyẹn."

Lọ́yà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. "Kì í wá mọ́, Ma."

"Mo mọ̀. Mo dé ibẹ̀. 'Bẹ́ẹ̀ ni Ma, bẹ́ẹ̀ kọ́ Ma' nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀." Tíṣà ti ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọjọ́ ìpele kejì àríyànjiyàn yẹn gan-an ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá. Bí kò bá tíì padà wá nígbà yẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ta ló sì mọ ibi tí wọ́n máa kó àwọn ará ibùdó lọ kó tó di ọdún tó ń bọ̀?"

"Ma, mi ò bú u. Ìbéèrè ni mo bi í."

"Òótọ́ ni. Ìbéèrè lo bi í. Kí ni ìdáhùn rẹ̀?"

Ọwọ́ Lọ́yà wọ àpò inú rẹ̀, ó tún jáde.

Lójú ọ̀nà ilé, Kúkúrú gbá òkúta síwájú, ó sá tẹ̀lé e, ó tún padà wá. "Orí rẹ ń bá ọ ṣe é, o ò mọ̀. Bí kò bá wá, ìwọ nìkan lo ni gbogbo àsìkò ìhà yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìkan tó èèyàn méjì. Gíwá ilé-ìwé á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife ẹ̀yẹ fún ọ."

"Ìdánwò rẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣé ìwọ lo lé e ni? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí Lọ́yà. Ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ó gbà á gbọ́ títí tó fi dé iwájú ilé wọn, ó sì yí padà, ó gba ọ̀nà ojú irin.

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn ojú irin ni ibùdó náà. Àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sílẹ̀, láti mọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan yóò wà, ṣì wà níbẹ̀; ìdílé ló wà lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan báyìí. Aṣọ ni wọ́n ta láti fi ṣe ògiri. Ẹni tó bá sín lórí nọ́ńbà kan, orí nọ́ńbà kejì ni wọ́n ti máa kí i pẹ̀lẹ́. Obìnrin kan tó gbé ọmọ sí èjìká wo aṣọ ilé-ìwé Lọ́yà, kò bi í léèrè ẹni tó ń wá. Ó kàn nàka sí ẹ̀yìn ilé.

Ìdí ẹ̀rọ omi ni Àlejò wà, láàárín ìlà tó lọ salalu. Garawa méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́yà fẹ́ lọ bá a níwájú, àwọn èèyàn kígbe mọ́ ọn.

"Ọmọ, ẹ̀yìn lọ̀hún!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá pọnmi."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ṣe ń wí!"

Àlejò ló gbà á sílẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó wá wo ìlà gígùn ni." Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Lọ́yà dúró tì í. Ó wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rí i pé ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fún gbogbo ilé náà. "Kí ló dé tí ẹ kì í lọ pọn ti ìgboro?"

"Wọ́n ń ti géètì kí àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ tó dé. Ẹni tó bá sì fẹ́ jáde láàárọ̀ gbọ́dọ̀ gba káàdì. Káàdì kì í kárí."

Ìlà sún. Lọ́yà bá a gbé garawa kan síwájú.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Tíṣà rán ọ."

"Rárá o." Ó ronú díẹ̀. "Ó dà bíi bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ ní igun ẹnu Àlejò, ó lé e padà.

"Mi ò ní i lọ́kàn láti dójú tì ọ́," ni Lọ́yà wí. "Ìbéèrè lásán ni mo—"

"Ìbéèrè? Ẹni tó bá bi ni ní ìbéèrè a máa dúró gbọ́ èsì. Òkò lo sọ. O sọ ọ́ tán, o tún pe èèyàn pé kí wọ́n wá wo ibi tó ti bà mí."

Ìlà tún sún.

"Ṣé èsì wà?" ni Lọ́yà béèrè, jẹ́jẹ́.

"Ó wà."

"Kí ni?"

Àlejò wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó wà lára rẹ."

"Lára mi?"

"Lára rẹ, lára Kúkúrú, lára gbogbo yín. Ẹ̀ ń gbé e kiri."

"Sọ ọ́ fún mi, jọ̀ọ́."

"Nídìí omi níbí? Ṣé ibí lo ti bi mí ni?"

"Padà wá nígbà náà. Wá sọ ọ́ níbi tí mo ti bi ọ́."

Garawa àkọ́kọ́ ti kún. Àlejò gbé e kúrò, ó ti èkejì sábẹ́ ẹ̀rọ. "Ìbọn ló lé mi kúrò ní ilé-ìwé tí mo ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Mo rìn dé ìlú yìí, mo ní ó ti parí. Ní ilé-ìwé yín, ẹ̀rín ló lé mi. Ìbọn máa ń dákẹ́ bó bá yá. Ẹ̀rín yín ṣì ń dún sí mi létí." Ó gbé omi karí, ó sì wọlé lọ. Kò wẹ̀yìn.

Láti ojú irin dé ilé, Lọ́yà ń yẹ ara rẹ̀ wò. Ó bọ́ bàtà wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn bẹ́líìtì. Ó yẹ bọ́tìnnì wò, ó yẹ aago ọwọ́ wò. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Màmá Àgbà, iwájú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn ló lọ dúró sí, ó ń wo irun orí rẹ̀.

Màmá Àgbà wà nídìí máṣíìnì, ìwọ̀n télọ̀ lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ ní àyà aṣọ rẹ̀. "Kí lò ń wá lára bí ẹni tí eèrà wọ̀ láṣọ?"

"Màmá, ẹ wò mí dáadáa. Kí lẹ rí lára mi?"

"Ọmọ tí kò tíì jẹun."

"Yàtọ̀ sí ìyẹn."

"Ọmọ tí kò tíì fọ abọ́ tó fi jẹun láàárọ̀."

"Màmá!"

"Etí bàbá rẹ. Ìyẹn kò sì ṣe é tún gé, à bá ti gé e." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí máṣíìnì.

"Wọ́n ní ohun kan wà lára mi tó jẹ́ pé àwọn ogúnléndé ló mú un wá sí ìlú yìí. Mo ti wá a títí, mi ò rí i."

Máṣíìnì dúró.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ kíláàsì wa kan tó ń gbé ní ibùdó. Mo bi í ní ìbéèrè níwájú èèyàn, mi ò dúró gbọ́ èsì. Kò wá sílé-ìwé mọ́ látìgbà náà."

Màmá Àgbà yọ aṣọ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó na án sójú ìmọ́lẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé ni. "Ọ̀gá mi a máa sọ pé ìránkúrán kì í fúnra rẹ̀ tú. Ẹni tó rán an ló ń jókòó tú u, lójú òwú kọ̀ọ̀kan, kó tó tún un rán."

Láti kékeré ni Lọ́yà ti ń gbọ́ "Ọ̀gá mi". Ọ̀gá mi ní kí a má fi eyín gé òwú. Ọ̀gá mi ní aṣọ tí kò ní àpò inú, ìhòhò ló wà. Ó ti gbọ́ ọ tó bí ó ṣe ń gbọ́ ìró máṣíìnì. Ó ti wọ̀ ọ́ létí ju kó tún béèrè ẹni tí wọ́n ń wí lọ.

"Màmá, ó jọ pé ẹ mọ ohun tí ọmọ yẹn ń sọ."

"Bí mo bá tilẹ̀ mọ̀, mi ò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọlọ́rọ̀. O ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ jẹun."

Kò jẹun. Ó padà sí ibùdó lọ́jọ́ kejì, kò bá Àlejò. Obìnrin tó gbé ọmọ sí èjìká ló bá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún un pé mo máa tún bi í ní ìbéèrè yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo máa dúró."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan mà."

Lọ́jọ́ ìpele kejì, àwọn òbí kún gbọ̀ngàn. Màmá Àgbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìwọ̀n télọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti gbàgbé láti bọ́ ọ. Gíwá ni adájọ́. Ife ẹ̀yẹ wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ń dán. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́yà ṣófo.

Mọ́nítọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Kúkúrú tẹ̀lé e, ó sì fi ohun tí gbogbo èèyàn ń retí parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Kí ni wọ́n mú wá?" Àwọn ọmọ ilé-ìwé hó yèè.

Lọ́yà dìde. Kò sọ ohun tó kà lórí fóònù. Ó sọ nípa nọ́ńbà ilẹ̀, nípa géètì àti káàdì. "Mo dúró níbí lọ́jọ́sí, mo fi ìlà gígùn nídìí ẹ̀rọ omi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti dúró lórí ìlà yẹn báyìí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la fún gbogbo ilé. Àwa la to ìlà yẹn. Àwa náà la tún ń bínú pé ó gùn." Gíwá ń kọ nǹkan sílẹ̀, orí rẹ̀ ń mì. Lọ́yà mọ̀ pé òun ti ń borí. Kókó kan ṣoṣo ló kù, èyí tó dùn jù lọ, tó ti fi pamọ́ de ìparí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Àlejò dúró sẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ló wọ̀, ó sì di férémù ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó lè yí padà nígbàkigbà.

Olùṣọ́ àkókò gbé káàdì pupa sókè: àsìkò ti fẹ́ tán. Bí Lọ́yà bá sọ kókó yẹn, ife ti di tirẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, àsìkò á lọ lásán. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú àpò inú, ó jáde.

"Ní ìpele àkọ́kọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, "mo béèrè nǹkan kan níbí, mi ò dúró gbọ́ èsì. Ẹni tí mo bi ló kọ́ mi pé ìbéèrè tí èèyàn kò bá dúró gbọ́ èsì rẹ̀, òkò ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo yín. Mo tún fẹ́ bi í, kì í ṣe láti borí o. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Kí ni wọ́n mú wá?"

Ó jókòó.

Olùṣọ́ àkókò wo gíwá, gíwá wo Tíṣà Ìtàn. Kúkúrú ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, síbẹ̀ gbogbo èèyàn ń gbọ́ ọ: "Lọ́yà! Àsìkò rẹ ń lọ! Dìde, jàre!" Lọ́yà kò dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ tábìlì.

Àlejò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó rìn la àárín àwọn èèyàn kọjá, kò yára, ó gun orí pèpéle, ó sì kọjú sí wọn.

"Ẹ yọ báńkì síta," ló wí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àṣẹ yẹn ti pẹ́ lára wọn, ọwọ́ wọn kò dúró bi ẹnu wọn. Láti ìlà iwájú títí dé ẹ̀yìn, ọwọ́ òsì ń wọ ẹ̀gbẹ́ aṣọ, àpò ń jáde, ó ń fì. Tíṣà ìṣirò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé náà láìpẹ́, fi ọwọ́ wá báńkì tí kò sí lára aṣọ rẹ̀ mọ́. Gíwá gan-an, tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kóòtù rẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀.

"Ẹ wo igun rẹ̀," ni Àlejò wí. "Wọ́n ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ya bí ìrù ẹyẹ. Ní òdìkejì odò, níbi tí mo ti wá, bí gbogbo aránṣọ wa ṣe ń rán àpò inú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń rán an. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn rí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fà á jáde ní kíláàsì, ọwọ́ ìyá mi ni mo rò pé mo dì mú. Mi ò mọ ẹni tó mú un wá sí ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló mú un wá."

Àga kan dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màmá Àgbà ti dìde.

"Ọ̀gá mi ni," ó wí.

Gbogbo ojú yí sí i.

"Ọ̀gá mi ló mú un wá. Ọmọ òdìkejì odò ni. Ogun kan tó jà nígbà tí mo wà lọ́mọdé ló lé e débí. Kò sí ibùdó nígbà náà. Ìyá mi yọ̀ǹda yàrá ẹ̀yìn fún un, ó ń gbé láàárín wa. Kò gbé ẹrù kankan dání. Abẹ́rẹ́ kan àti òwú díẹ̀ ló wà nínú àpò inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ló fi kọ́ mi níṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ ìyá ọmọ yìí, òun náà ni mo fi ń bọ́ ọmọ yìí, tí ẹnu rẹ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi rí?" Lọ́yà kò mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ síta.

"Gbogbo ayé lo máa ń bi ní ìbéèrè. O ò bi mí." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ta ló tilẹ̀ ń pe ọmọ yìí ní Àlejò? Àpò rẹ̀ ti dé ìlú yìí kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú yín."

Agogo àkókò dún, kò sẹ́ni tó kà á sí. Àsìkò ìhà Lọ́yà ti tán láìsọ kókó tó kù, ife ẹ̀yẹ sì ti bọ́ sọ́wọ́ Kúkúrú àti Mọ́nítọ̀. Kúkúrú dìde láti fèsì bí òfin ṣe là á kalẹ̀; ó la ẹnu, àpò rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bísíkíìtì àjẹkù kan sì já bọ́ láti inú rẹ̀ sórí pèpéle. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àlejò náà rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Tíṣà Ìtàn ti wà nísàlẹ̀ pèpéle, bírò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé kí n fi orúkọ rẹ sí ti ìdánwò?"

"Mo ti wọ aṣọ ilé-ìwé wá, Ma," ni Àlejò dáhùn.

Lọ́yà fa àga tó ṣófo súnmọ́ ara rẹ̀, ó nu ún fún un, ọmọbìnrin náà sì jókòó. Lẹ́yìn náà ni Lọ́yà tó wo ara rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di àpò inú mú, àtàńpàkò rẹ̀ sì wà lórí igun tó ya bí ìrù ẹyẹ, níbi tó ti máa ń wà láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé.